Páálí Táípù Tí Mo Yà Ní Ìkọ̀tún

Ẹ dákun, ẹ má fi ojú ọ̀mọ̀wé wo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tán, mo sì lo ọdún méjì ní ilé ìwé girama kí bàbá mi tó kú, tí ìyẹn náà fi dúró. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀: lẹ́tà ọ̀gá, ìwé ìpàdé, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó. Bí ọ̀rọ̀ bá ti di tèmi fúnra mi báyìí, n kì í mọ ibi tí ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. N ó kàn máa sọ ọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni. Bí ó bá rí gbágungbàgun, ọwọ́ mi ni kò tíì mọ́ ọn, ẹ má bínú.

Ìkọ̀tún ni mo ń gbé nígbà náà, láyé àwọn ológun, ní ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, kànga wà lẹ́yìn, ìyá onílé fúnra rẹ̀ sì ń gbé yàrá àkọ́kọ́ bí ènìyàn bá ti wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ló mú mi wá láti abúlé wa ní ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́. Irun dídì ni mo kọ́kọ́ ń ṣe. Màá jókòó sórí àpótí níwájú ilé, oníbàárà á jókòó sórí ẹní, á fẹ̀yìn ti orúnkún mi. Ọwọ́ mi yá. Ẹnu mi ni kò yá. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀, "ẹ̀n, mà" ni mo máa ń wí títí irun yóò fi parí. Àwọn kan rò pé mo ń gbéra ga. Ojú ló ń tì mí.

Ohun tí mo fẹ́ nígbà yẹn kò pọ̀. Mo fẹ́ àga tí ó ní ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan tí mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ gba ìwé ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀, mo rí àwọn obìnrin mẹ́ta ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n fẹ̀yìn ti àga, tí ìka wọn ń ró lórí ẹ̀rọ táípù bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Ẹnikẹ́ni kò sì retí pé kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mo ní sínú ara mi pé irú iṣẹ́ yìí ni ó tọ́ sí mi. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jókòó sórí àpótí mi kí ara mi balẹ̀ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ilé ẹ̀kọ́ táípù kan rí fún mi lórí òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta páànù ìkọ́lé nísàlẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n kọ sára pátákó rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nídìí kànga, á ní, "Àbúrò mi ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì." Yàrá méjì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, àwa sì ju ogún lọ. Màdáàmù tó ń kọ́ wa jẹ́ obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé, ìgbátí kò wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ̀sín ènìyàn.

Ìlànà ibẹ̀ ni pé ẹni tuntun kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. A ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, a ó gbé ọwọ́ lé orúnkún. Màdáàmù á dúró níwájú, á kọjú sí wa, á na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, á máa pe ìka kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà tirẹ̀. Ìka kékeré, a. Èyí tó tẹ̀lé e, s. Èyí tó tẹ̀lé e, d. Ẹnìkan á máa fi rúlà lu tábìlì kí a lè jọ máa lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni ìdánwò. Ẹni tó bá yege ní àga àti ẹ̀rọ tí yóò máa lò láràárọ̀. Ẹni tó bá kùnà á tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá tún kùnà, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ń dúró níta pọ̀.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti sọ tirẹ̀. "Tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí bá gbà á, kó dúró. Tí kò bá gbà á, kó padà lọ ran ìyá yín lọ́wọ́ nídìí gàrí." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màdáàmù ní kí àwa tuntun lọ ya ojú ẹ̀rọ náà sórí páálí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, kí a máa fi ṣe ìdánrawò nílé. Nígbà tí a lọ fún ìsinmi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń jókòó sídìí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yà á. Ní ìdí ẹ̀rọ tó sún mọ́ mi, ọmọbìnrin gíga kan tí ó ń wá láti Ẹgbẹ́dá ló jókòó síbẹ̀. Ó ti yege tirẹ̀ ṣáájú wa, ó sì ní ẹnu. Ó yẹ kí n wí fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Mo lọ dúró ní òdìkejì tábìlì, níwájú rẹ̀, mo na ọrùn kọjá orí ẹ̀rọ, mo sì ń ya ohun tí mo rí. Àwọn lẹ́tà náà dorí kodò lójú mi, mo ń yí wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń kọ wọ́n. Ẹ̀yìn páálí ọṣẹ ni mo yà á sí. Ó dára lójú mi. Ìlà rẹ̀ gún ju ti gbogbo wọn lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi tẹ páálí náà. Láàárọ̀, kí n tó gbálẹ̀, màá gbé e lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bí mo bá ń retí kí omi hó, ìka mi á máa rìn lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, n kò nílò páálí mọ́. Mo ń tẹ̀ ẹ́ sára ògiri, sórí ẹ̀yìn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bí mo bá pọ̀n ọ́n sùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "O fẹ́ lu ọmọ mi di tábìlì." Mo mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni nǹkan tí ó dùn mí jù lẹ́yìn náà, pé mo mọ̀ dájú pé mo mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìdánwò. Àṣà màdáàmù ni pé kí wọ́n fi aṣọ dúdú bo ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀, kí ojú má baà ran ìka lọ́wọ́. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ níwájú mi bí aṣọ ìkélé, ó bo bọ́tìnnì àti bébà pa pọ̀. Mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀. Mo fẹ̀yìn ti àga. Màdáàmù bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké ti ìlà àárín ẹ̀rọ nìkan, tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ lọ gbọnmọgbọnmọ. N kò dúró rárá. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ àwọn yòókù ṣì ń ṣe kọ́, kọ́, bí ẹni tó ń wá ọ̀nà lókùnkùn, mo sì wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rí i pé mo ń rẹ́rìn-ín.

Màdáàmù yọ bébà mi. Ó wò ó. Ó yí i pa dà bóyá òkè ni ó wà nísàlẹ̀. Ó tún wò ó.

"Kí lèyí?"

Mo dìde lórí àga.

"Mo ní kí lèyí? Mo pe 'dad.' Níbo ni 'dad' wà níbí?"

Mo wo bébà náà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Kìkì k àti l àti s, àti àmì kan báyìí tó dà bí kómà tó ru ẹrù sórí. Àmì yẹn ló pọ̀ jù, ó wà káàkiri bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ní àgbàlá.

Ọmọ Ẹgbẹ́dá ti dìde, ó ti yọjú láti ẹ̀yìn màdáàmù. "Ẹ má bá a wí, mà. Lárúbáwá ló ń tẹ̀." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé ilé kéú ni mo ti wá, torí mo máa ń lọ kírun ọ̀sán. "Ààfáà," ó ní, "ẹ ṣàdúà fún wa o, kí a má kùnà."

"Jókòó, jàre," màdáàmù sọ fún un. Ó wá yíjú sí mi. "Àbí o fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni? Ẹni tí kò mọ nǹkan kì í yára báyìí." Mo mi orí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èmi gan-an kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi bébà náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ kùnà, Fúráìdè tó ń bọ̀. Ẹni tó bá tún kùnà, kó fi àga sílẹ̀ fún ẹni tó ń dúró."

Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Báwo ló ṣe lọ?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ wo?"

"Wọ́n ní ká tún un ṣe."

Ó ní, "Fi ọkàn sí i, ṣá." Ọkọ rẹ̀ ní ìwé kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó jẹ́ kí ọmọ sinmi. Ọkọ rẹ̀ ní ta ló ní kó má sinmi, gàrí náà iṣẹ́ ni.

Fi ọkàn sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi lọ́sẹ̀ náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tí òun náà kùnà sọ ọ́. Ìyàwó yàrá kejì sọ ọ́, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkàn mi wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gun àtẹ̀gùn yẹn, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ní kí n fi ẹsẹ̀ sí i, ìyẹn ì bá yé mi.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ aṣọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mi, búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì aró, mo gbé àpò, mo jáde. Mo dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ rúlà lórí tábìlì. Mo gbọ́ ẹ̀rọ. Mo kọjá lọ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. N kò mọ ibi tí mo ń lọ. Mo rìn títí mo fi dé Ìdímù, mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọn kò tíì ṣí, mo dìde, mo tún rìn. Ní ọ̀nà Ìṣẹ̀rí-Olófin, obìnrin kan tó ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpò bi mí, "Ọmọ ilé ìwé, ta lò ń wá?"

"N kò wá ẹnì kankan, mà."

"Ẹni tí kò wá ẹnì kankan kì í kọjá lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo sì gba ibòmíràn lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gba apá Ìgàndò. Eruku pupa ti wọ bàtà mi, ó ti gun ìbọ̀sẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo dúró wo àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù, mo dúró wo ọkùnrin kan tó ń kun géètì, ṣùgbọ́n bí mo bá ti dúró, á máa ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ń pe orúkọ mi níbì kan tí n kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo bá ń rìn nìkan ni ara mi máa ń balẹ̀ díẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni ìka mi. Mo ti ní mo fi táípù sílẹ̀, ìka mi kò gbọ́. Bí mo ṣe ń rìn ni wọ́n ń tẹ a, s, d, f sára àpò. Mo di ọwọ́ mi ní ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí mo tú u, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Kí lẹ kọ́ lónìí?" Màá ní, "Àtẹ̀tún-tẹ̀ ni, mà." N kò purọ́ fún un rí kó tó di ọ̀sẹ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, òjò lé mi wálé lẹ́yìn ọ̀sán díẹ̀. Mo rò pé màá yọ́ wọ yàrá, ṣùgbọ́n ìyá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọmọ bíbí Ìkọ̀tún ni, arúgbó ni, ojú rẹ̀ sì ríran ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Kì í pe orúkọ mi. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń pè mí.

"Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n tètè jáde lónìí."

"Ẹ̀n, mà."

"Wọ́n tètè jáde lánàá náà."

Mo fọwọ́ nu òjò lójú.

"Wá bá mi di orí yìí. Àbí ẹni tó bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í di irun mọ́?"

Mo lọ bọ́ aṣọ, mo gbé àpótí mi wá. Ṣùkú ló fẹ́, èyí tí wọ́n ń dì láti etí àti iwájú orí lọ sókè kí gbogbo rẹ̀ pàdé láàárín. Irun rẹ̀ kò pọ̀, ó sì funfun gbòò. Lọ́jọ́ mìíràn, n ó ti parí rẹ̀ kí ènìyàn tó jẹ iṣu tán. Lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ mi wúwo. Ara mi wà lórí àpótí, ọkàn mi ń rìn lọ́nà Ìgàndò. Òjò ń rọ̀, ó ń rọ̀ sórí páànù, kò sì dúró.

Nígbà tí mo ní mo ti parí, ìyá onílé fi ọwọ́ pa orí rẹ̀ yíká. Ó mú dígí kékeré rẹ̀, ó wò ó.

"Apá ọ̀tún yìí ò dáa. Ìlà rẹ̀ wọ́. Tú mẹ́ta tó wà létí yẹn, kí o tún wọn dì."

Mo fẹ́ rí i dáadáa. Mo dìde lẹ́yìn rẹ̀, mo wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo wo apá ọ̀tún, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó ń wò mí. Ó jẹ́ kí n tú ẹ̀kẹta tán. Nígbà náà ló tó gbé ọwọ́ lé e.

"Kí lo tú?"

"Apá ọ̀tún, mà."

"Ọ̀tún ta ni?"

Mo wo ọwọ́ mi méjèèjì.

"Iwájú mi lo wà. Ọ̀tún tìẹ, òsì tèmi ni. Èyí tó dáa lo tú, èyí tó wọ́ jókòó síbí, ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ejìká rẹ̀ ń mì. "Padà sẹ́yìn mi jàre, níbi tí onídìrí ń jókòó sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti da orí ọmọ yìí rú."

N kò dìde. Orí eékún ni mo wà síbẹ̀ pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Mo rí tábìlì yẹn lójú mi. Mo rí ọmọ Ẹgbẹ́dá tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo rí ara mi ní òdìkejì, tí mo na ọrùn bí àgùntàn tó ń wo inú ọgbà ẹlòmíràn. Ọ̀tún mi, òsì rẹ̀. Mo ti ya gbogbo páálí náà sí òdì.

Ó yẹ kí n ti fura, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó jẹ́ kí n fura. Lórí páálí mi, a, s, d, f bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún, ó ń bọ̀ wá sí òsì. Láti kékeré ni bàbá mi ti fi mí sílé kéú, ibẹ̀ sì rèé, ọ̀tún ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ojú mi kò rí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀. Màdáàmù alára ń kọjú sí wa nígbàkígbà tó bá na ọwọ́ sókè. Ìka kékeré rẹ̀ tó ń pè ní a, òsì tirẹ̀ ni, apá ọ̀tún mi ló sì bọ́ sí, mo sì ń gbé ìka ọ̀tún mi sókè bá a. Láàárín èèyàn ogún lórí bẹ́ńṣì, ta ló máa rí i?

"Kí ló dé?" ìyá onílé ní. "Ṣé o rí ejò lórí mi ni?"

Mo sọ fún un. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde. Mo sọ nípa páálí, nípa aṣọ dúdú, nípa Lárúbáwá, mo sọ pé n kò tíì dé kọ́lẹ́ẹ̀jì láti ọjọ́ Ajé. N kò sọ̀rọ̀ tó gùn bẹ́ẹ̀ níwájú àgbàlagbà rí láyé mi. Ó gbọ́ ọ tán. N kò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ táípù yé e.

"O wá mọ̀ ọ́n nìyẹn," ó ní.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Mo kùnà."

"O mọ̀ ọ́n. Òdì rẹ̀ lo mọ̀. Ẹni tí kò mọ irun-ún dì, bó bá dì í sí òdì, ṣé yóò dọ́gba? Yóò kàn rí játijàti ni." Ó fi ìka tọ́ka sí èyí tí mo tú. "Wo irun yìí. O ti tú u, irun ò kú. Ìdí ni wọ́n ti ń tú u, ní díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fà á láti òkè, orí ọlọ́rí ló máa já."

"Ọ̀la nìkan ló kù, mà. Ọ̀tunla ni ìdánwò."

"Orí ẹni mélòó lo máa ń dì lọ́jọ́ kan nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà ńlẹ̀?"

"Mẹ́rin, mà. Márùn-ún."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí o tó lọ tú tọ̀hún ṣá, wá parí tèmi. Mi ò lè máa gbé orí ààbọ̀ kiri."

Mo padà sórí àpótí, lẹ́yìn rẹ̀. Mo tú èyí tó wọ́, mo di ọ̀tún àti òsì, ìlà rẹ̀ gún. Ó wo dígí, ó ní, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti jáde lára ẹ báyìí," ó sì wọlé lọ.

Mo lọ mú bébà ìdánwò náà nínú àpò. Mo ti ká a kékeré, mo ti fi sábẹ́ ìwé kí n má baà rí i mọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn. Ibi tí ó yẹ kí s wà, l ló wà. Ibi tí ó yẹ kí l wà, s ni. D ti di k. Gbogbo a ti di kómà tó ru ẹrù. Mo fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe ń ka lẹ́tà tó ti ilé wá. Kò sí ibì kan tí mo ti ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé ẹ̀rọ náà kọjú sí òdìkejì, bébà tó mọ́ jù lọ nínú yàrá náà ni.

Màdáàmù ti sọ ọ́, pé ẹni tí kò mọ nǹkan kì í yára bẹ́ẹ̀. Èébú ni mo pe ọ̀rọ̀ náà nígbà tó sọ ọ́.

Mi ò lè sọ pé inú mi dùn. Inú bí mi sí ara mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí gbólóhùn kan tí kò lè jáde lẹ́nu mi. Ara mi kò sì balẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo padà. Ṣùgbọ́n kò dà bíi ti ọ̀nà Ìgàndò. Èyí mọ ibi tí ó ń lọ. Mo gbé ọwọ́ lé itan, mo gbìyànjú láti fi ìka kékeré ọwọ́ òsì pe a. Ìka náà dúró. Ó ṣe bí àlejò tí wọ́n ní kó wọ yàrá onílé. Mo tún un pè.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń tú inú páálí mílíìkì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi páálí yẹn ṣe? Èyí tí o ní ńkọ́?"

"Kò dáa, mà. Ẹ lè fi dáná."

Ó mú páálí ọṣẹ náà, ó wo ìlà tí mo fà sórí rẹ̀. "Àti bí ó ṣe rẹwà tó yìí," ó ní, ó sì gbé e lọ sídìí ààrò.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń rin orín lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo jáde. Mo kí i, mo gba abẹ́ ilé àwọn tó ń ta páànù, mo gun àtẹ̀gùn. Mo rò pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ẹgbẹ́dá ni gbígbá ilẹ̀ kàn lọ́sẹ̀ náà. Ó ti gbá a tán, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìgbálẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń tẹ nǹkan. Ó gbé ojú sókè.

"Ààfáà. A rò pé o ti lọ sí Mẹ́kà."

Mo dúró ní òdìkejì tábìlì, níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́sí. Mo rìn yí tábìlì po títí mo fi dé ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ sún fún mi díẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé àga ló sọ̀rọ̀. "O ní ohùn, àbí?" Ṣùgbọ́n ó dìde. Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Má pẹ́ o, èmi náà ní iṣẹ́."

Mo jókòó. Mo fẹ̀yìn ti àga. Àwọn lẹ́tà náà dúró lórí ẹsẹ̀ wọn lójú mi, kò sí èyí tó dorí kodò. Mo gbé páálí mílíìkì lé itan, mo mú pẹ́ńsù, mo sì kọ a sí apá òsì.